Ìdáhùn Tó Há Sí Yẹ́misí Lẹ́nu

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, gbogbo Ọ̀gbà ti gbọ́ pé ahọ́n Yẹ́misí já bọ́ lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n ní ó já sórí tábìlì níwájú kámẹ́rà, ó sì ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀kan kó tó dákẹ́. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa wọ kẹ̀kẹ́ dé Agége, wọ́n ti ní olóòtú ètò ló fi áńkáṣíìfù ṣa ahọ́n náà nílẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Maryland, ahọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ.

Níwájú géètì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, níbi tí Yẹ́misí ti ń ṣiṣẹ́, Bùsọ́lá ni olórí oníròyìn. Iṣẹ́ kan náà lòun àti Yẹ́misí jọ ń ṣe, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé.

"Ìyá ọkọ ẹ̀ ni!" ni Bùsọ́lá wí. "Fèrèsé tèmi ló kọjú sí tiwọn. Iná ti lọ, gbogbo ibi ṣú dùdù, mo dẹ̀ ń fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ bí Àlájà ṣe ń pariwo nínú òkùnkùn pé, 'N ò ní pè é! Ẹ pa mí, n ò ní pè é!' Ta lèèyàn ń bá sọ irú ẹ̀ nínú òkùnkùn, tí kì í bá ṣe àwọn ẹgbẹ́ wọn?"

"Kí ni wọ́n ní àwọn ò ní pè?" Job tó ń ṣọ́ géètì béèrè.

"Ahọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni! Wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é padà, wọ́n ní àwọn ò pè é."

Job ṣí fìlà, ó ya àgbélébùú síwájú ara rẹ̀, ó tún ya òmíràn síwájú géètì, bóyá ahọ́n náà lè fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Irọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ wà nínú rẹ̀ bí òkúta ṣe máa ń wà nínú ẹ̀wà, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ ṣà á yóò rí i.

Olúwayẹ́misí ni wọ́n sọ ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Agége, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ wòlíì tí àkùkọ máa ń dúró gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó kọ. Ohùn yẹn ló jogún. Bí Yẹ́misí bá kí ọ ní Ọ̀gbà, ará Allen Avenue ni yóò dá a lóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọ bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde ní gbígbóná, kó fi ọ̀bẹ gé ike tó bá lé sílẹ̀ létí rẹ̀. Ó ti gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì débi pé kò lè wo etí èèyàn kí ọwọ́ má yún un.

Bí wọ́n bá fún wọn láyè oúnjẹ ọ̀sán, yóò sáré jáde sí géètì lọ ta sóbò. Ata ilẹ̀ ń bẹ nínú sóbò náà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń bẹ nínú rẹ̀, ẹni tó bá mu ún láàárọ̀ á dárí ji ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí ìyà wà ni pé bí oòrùn bá ti gòkè, yìnyín inú kúlà á ti di ìtàn, sóbò á wá gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

"Yẹ́misí, sóbò la ní kó o tà fún wa o, àbí àgbo ibà lèyí?"

"Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kẹ́ ẹ mu ún! Àbí ìyàwó yín ń fi yìnyín sí tíì yín nílé?"

Bó ṣe ń dá wọn lóhùn tó, ó ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: fírísà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọrọ mọ́tò, àwọn kan ń tọrọ físà, Yẹ́misí ní kí Ọlọ́run máa gbọ́ tiwọn lọ, fírísà aláṣọ funfun kan péré ni tòun, èyí tó jìn débi pé ọmọdé lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Pé kò sí iná tí fírísà náà yóò máa jẹ, àdúrà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èèyàn kì í pa àdúrà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàsíù ọkọ rẹ̀, tó ń tún wáyà wé sínú mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí sì ni wọ́n nílé wọn. Òun àti Yẹ́misí ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí Wàsíù. Ní ilé náà, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bí ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí bàbá Wàsíù, nítorí náà, kí àwa tí a kì í ṣe ìyàwó ilé náà tètè sọ ọ́, Jímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Yẹ́misí kò pè é rí. "Bàbá wa" ló ń pè é. Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ń bẹ ní òpin àdúgbò wọn, "Ìkejì Bàbá" ni Yẹ́misí ń pe ìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì fúnra rẹ̀ kò sì bọ́ níbẹ̀: níbi tí gbogbo èèyàn ti ń pè é ní Jímọ̀, "ọjọ́ Bàbá" ni Yẹ́misí ń wí. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ti gbọ́ ọ títí, ó sì ti gbà pé ìjọ tuntun kan ni.

Àwọn ará àdúgbò ní Àlájà, ìyá ọkọ rẹ̀, ló fòfin lé e lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó bi Yẹ́misí.

Wàyí o, ètò kan ń bẹ lórí tẹlifíṣàn lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú, "Dáhùn Kó O Gbé E Lọ" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, o óò dáhùn, o óò sì gbé ohun èlò ilé lọ. Pálọ̀ Àlájà ni àdúgbò ti máa ń wò ó, kò sì sí ìdájọ́ tó le tó èyí tí wọ́n ń dá níbẹ̀. Wàsíù á máa bú àwọn olùdíje bí ẹni pé owó rẹ̀ ni wọ́n fi kàwé. Bùsọ́lá á dúró kí wọ́n sọ ìdáhùn tán, á wá fò sókè: "Mo mọ̀ ọ́n! Ó wà lẹ́nu mi!" Bàbá Jímọ̀ á sùn lọ fọnfọn, àfi bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ ni yóò jí: "Ta ló jẹ ẹ́? Kí ló jẹ?" Àlájà ní tirẹ̀ a máa bá olóòtú jà nínú tẹlifíṣàn: "Má kánjú bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀! Àbí ìwọ lo bí i?"

Yẹ́misí ló máa ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè tán, pẹ̀lú ohùn wòlíì yẹn. Ó tó gẹ́ẹ́, Wàsíù fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, wọ́n pè é. Fírísà ni ẹ̀bùn ńlá ọ̀sẹ̀ náà.

Ìyẹn ló gbé Yẹ́misí dé iwájú kámẹ́rà ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Àìkú náà, níwájú olóòtú tó ń jẹ́ Olúgbénró, ọkùnrin kan tí ẹnu bàtà rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Yẹ́misí kúnlẹ̀ kí i. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn adájọ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹni tó di kámẹ́rà mú, ìyẹn ní kó jọ̀ọ́, wọn ò ní í rí orí rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn mọ́.

"Oṣù mélòó nínú ọdún ló ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n?"

Ní pálọ̀ Àlájà, gbogbo wọn hó yèè pé, "Ọ̀kan! Fẹ́búárì!"

"Gbogbo wọn ni, sà," Yẹ́misí wí. "Èwo nínú wọn ni kò dé ibẹ̀?"

Agogo dún. Wọ́n bi í ní òmíràn, ó gbà á. Wọ́n tún bi í, ó tún gbà á. Wọ́n wá ṣí aṣọ kúrò lórí fírísà. Funfun ni. Ó jìn. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lórí bí ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí. Yẹ́misí rí i tí sóbò rẹ̀ tò lọ nínú rẹ̀, tí òógùn ń yọ lára ìgò wọn, omi sì bọ́ lójú òun náà.

"Ìbéèrè ìkẹyìn," Olúgbénró wí. "Ọjọ́ tí Yorùbá ń pè ní ọjọ́ Ẹtì, kí ni orúkọ kejì tí a ń pè é, èyí tí a gbà lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ tó bá ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí mọ̀ ọ́n.

Yẹ́misí la ẹnu. Orúkọ náà rìn wá títí dé orí ahọ́n, fìlà Bàbá wà lórí rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yẹ́misí sáré fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mọ́ ọn.

Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ ní Ọ̀gbà, oníkálùkù sì sáré kúrò ní pálọ̀ Àlájà lọ sílé rẹ̀. Ohun tí Ọ̀gbà rí kẹ́yìn nìyẹn: obìnrin tó la ẹnu, tó bo ẹnu. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi máa fa okùn jẹnẹrétọ̀ kó tó gbà, ìpolówó ọṣẹ ló kù.

"Ọjọ́ Bàbá wa ni, sà," Yẹ́misí wí ní Ìkẹjà.

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá ọkọ mi."

"Màdáámù, a ò bi yín léèrè ọjọ́ ìbí bàbá ọkọ yín."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà. Ọjọ́ tí wọ́n ń kí ìrun gbogboògbò lọ́sàn-án."

"Orúkọ ẹ̀ la ní kẹ́ ẹ pè!"

"Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyẹn, sà."

Olúgbénró nu iwájú orí. "Ó dáa. Ìrànwọ́ kan ṣì kù fún yín: ẹ lè pe ará ilé." Yẹ́misí mí kanlẹ̀. Wàsíù ti jókòó ti fóònù láti ọ̀sán. Ó kàn máa pè é ni, ó parí. Ṣùgbọ́n Wàsíù àti bàbá rẹ̀ ti jáde lọ kí ìrun Mọ̀gáríbì, Wàsíù sì ti kó fóònù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Háló! Ta nìyẹn? Wọ́n ti mú iná lọ o!"

Yẹ́misí ká ọwọ́ lé orí. Ká ní Bùsọ́lá ló gbé fóònù náà, ì bá yanjú. Ká ní olè ni, ì bá yanjú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí ẹnu rẹ̀ tún wúwo ju tòun lọ lórí orúkọ yẹn, òun náà ló gbé e yìí.

"Ẹ kú alẹ́, Ìyá. Èmi Olúgbénró ni, ti 'Dáhùn Kó O Gbé E Lọ.'"

"Há, Olúgbénró! O ti rù o! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

Olúgbénró ka ìbéèrè náà fún un.

"Ìyẹn náà lẹ fi ń da ọmọ mi láàmú? Ọjọ́ Bàbá Wàsíù ni!"

"Orúkọ ọjọ́ náà gan-an, Ìyá. Àkókò ti fẹ́ẹ́ pé."

"Kí n pe orúkọ ọkọ mi? Létí gbogbo ayé? Ìwọ Olúgbénró, bí ìyá ẹ ṣe ń ṣe bàbá ẹ nílé nìyẹn?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, fírísà ni!"

"Ì báà jẹ́ ilé alájà! N ò ní pè é! Ẹ pa mí, n ò ní pè é!"

Agogo ìjákulẹ̀ dún. Wọ́n da aṣọ padà bo fírísà, wọ́n sì tì í lọ. Yẹ́misí ń wò ó títí bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí.

Àwọn ará Allen, tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn, rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ àwọn ará Allen kì í bá wa ṣòfófó. Bó ṣe di pé ahọ́n já ní Ọ̀gbà nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, Yẹ́misí ń yọ ahọ́n han àwọn èèyàn ní géètì bí ẹni ń fi ìwé ìrìnnà han kọ́sítọ́ọ̀mù. Job tan iná fóònù sí i lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni Job wí. "Àmọ́ ó jọ tuntun. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀."

Ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, fóònù kò sinmi. Àwọn àgbà ń pè: "Ẹ gbé fírísà ọmọ náà fún un! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn!" Àwọn ọ̀dọ́ ń pè: "Olódo ni jàre! Ta ni ò mọ Jímọ̀?" Jímọ̀ kan pè láti Agége, ó ní wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́, òun náà fẹ́ fírísà. Bàbá arúgbó kan pè, ó ní láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti wo ètò náà ni kò ti pe òun lórúkọ mọ́, ẹran inú ọbẹ̀ òun sì ti lé sí i, kí wọ́n jọ̀ọ́ máa tún un ṣe lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀.

Kò sí ariwo tí tẹlifíṣàn kì í fẹ́. Wọ́n ní kí Yẹ́misí padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀: ìbéèrè kan náà, fírísà kan náà. Kò sí fóònù pípè lọ́tẹ̀ yìí. Kó mú ìdáhùn rẹ̀ wá, kó gbé fírísà rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ nílé.

"Pè é, ọmọ mi," Bàbá Jímọ̀ wí. "Kí n tó dé ayé ni ọjọ́ náà ti wà. Èmi kọ́ ni mo ni ín."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," Wàsíù bẹ̀ ẹ́. "Kó o pè é tán, kó o fi omi yọ ẹnu."

"Pè é," Àlájà wí. "Màá di etí mi." Ó ki ìka bọ etí méjèèjì, ó kọjú sí ògiri.

Yẹ́misí fa èémí. "Jí..." ló wí. Ohùn tó ń jí ará Allen di ohùn ẹ̀fọn. "Jí..." Ọ̀rọ̀ náà ń gun òkè bí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì. "Jí..." Ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn.

Àlájà yọ ìka kan. "Ṣé o ti pè é?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Kò burú. Mo ti tún un dì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lójoojúmọ́, títí ẹ̀rín fi mú gbogbo wọn, títí Àlájà fi ní etí ti ń dun òun. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, wọ́n há ara wọn mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà, Bàbá nínú aṣọ funfun àti fìlà tuntun, Àlájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdajì ilé-iṣẹ́ ike ti wà ní gbọ̀ngàn ṣáájú wọn, Bùsọ́lá ló sì jókòó níwájú pátápátá. Ní Ọ̀gbà, kò sẹ́ni tó tún gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba: láti ọ̀sán ni jẹnẹrétọ̀ ti ń ké.

Olúgbénró tún ka ìbéèrè náà. Yẹ́misí wo fírísà. Ó wo Bàbá, Bàbá mi orí sí i. Ó wo Àlájà, ìka ti wà ní etí méjèèjì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Ló bá kúrò nídìí tábìlì. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá ní ìjókòó rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á dìde jẹ́jẹ́, ó sì mú un gòkè wá síwájú kámẹ́rà.

"Ìdáhùn mi nìyí, sà."

"Màdáámù?"

"Ẹ ní kí n mú ìdáhùn wá. Mo mú un wá. Tó bá jẹ́ òun kọ́, ẹ ní kó padà lọ jókòó."

Olúgbénró wo àwọn adájọ́. Àwọn adájọ́ wo ara wọn. Olúgbénró wá yíjú sí gbọ̀ngàn: "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ìdáhùn yìí ń jẹ́?"

"JÍMỌ̀Ọ̀Ọ̀!" Àjà fẹ́ẹ́ ṣí.

"Hẹ̀ẹ́n!" Bàbá dáhùn, ó ń wò yíká. "Ta ló ń pè mí?"

Ariwo náà wọ inú etí tí ìka wà. Àlájà fò dìde. "Ẹ ò rí àwọn ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́ yìí! Ọkọ mi ni gbogbo yín ń pe orúkọ mọ́ lórí báyẹn? Ọmọ ta ni yín?"

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Wọ́n gbé káàdì aláwọ̀ ewé sókè pé ó gbà á, gbogbo wọn. Agogo dún. Wọ́n ti fírísà wá, Bàbá sì gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń súre fún ọmọ.

"Màdáámù Yẹ́misí," Olúgbénró wí, ó na máìkì sí i, "ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń wò wá nílé?"

"Mo ní àtúnṣe." Ohùn náà ti padà. Wọ́n ní wọn ò nílò máìkì mọ́. "Ẹ̀yin ará Ọ̀gbà, ẹ̀yin ará Agége, àti ìwọ Bùsọ́lá tó ń wolẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn! Wọ́n ní ìyá ọkọ mi ló dì mí lẹ́nu. Ìdajì ẹ̀ lòótọ́, torí tiwọn lẹnu mi ò ṣe gbà á. Àmọ́ wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, wọn ò dẹ̀ fòfin kankan lé mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí nílé wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jí Bàbá fún ìrun. Wọ́n ní, 'Olówó orí mi, ọkọ mi àtàtà, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́.' Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń rò ó pé, ṣé èèyàn lè fẹ́ra wọn darúgbó báyìí, kí orúkọ ṣì máa ṣe iyebíye lẹ́nu wọn? Ó wù mí. Èmi fúnra mi ni mo mú un. Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Òótọ́ ni!" Àlájà ké láti ìjókòó rẹ̀. "Ọdún àkọ́kọ́ pátá, mo rò pé kò mọ orúkọ Bàbá ni! Mo tiẹ̀ sọ fún Wàsíù kó fọgbọ́n sọ ọ́ fún un!"

Gbọ̀ngàn tún bú sẹ́rìn-ín. Yẹ́misí dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní."